Máṣíìnì tí Ismaheel Fẹ́ Rà

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Hussein yín ni. Ara mi le koko níbí ní Manchester, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́ torí pé títẹ fóònù ti sú mi.

Ẹ ní Ismaheel àbúrò mi fẹ́ ra irú máṣíìnì tí mo fi ń gé ìdí fírémù ìlẹ̀kùn, kó lè máa fi tún họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G ṣe. Kó tàn án wò ní ṣọ́ọ̀bù ná. Tó bá gbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, kó gbé e sílẹ̀. Irú ẹ̀ ni ọ̀gá mi kó fún àwa àjèjì. Èyí tó dáa, tọ̀gá fúnra rẹ̀ ni.

Kó rọra dì í mú o. Gírígírí ni Bàbá Àlàmú tó kọ́ wa níṣẹ́ l'Ọ̀yọ́ ní ká máa di ayùn mú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi di máṣíìnì yìí mú bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí, ẹ ṣáà mọ̀.

Ẹ ní ṣé òtútù ò mú mi. Òtútù kẹ̀? Láti ìgbà ààwẹ̀, omi àlùwàlá ìbáà gbóná, ìbáà tutù, ọ̀kan náà ni lára ìka mi.

Ẹ kí Ismaheel. Ẹ bá mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, kí ẹnì kan nínú wa ṣì mọ̀ ọ́n lára.