Kọ́kọ́rọ́ Tó Ṣì Wà Lápò Mi

Àsàmáù ọmọ mi,

Ara mi le ní Douala níbí. Mò ń sinmi dáadáa.

O ní iṣẹ́ tó sàn jù ń pè ọ́, àmọ́ ojú ń tì ọ́ láti fi ọ̀gá rẹ sílẹ̀. Ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ, ọ̀gá mi ránṣẹ́ pé ẹrù dé sí Bassa, àdúgbò tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wà níbí. Erùpẹ̀ sàréè ṣì wà ní èékánná mi nígbà tí mo lọ ṣí ilé ìkẹ́rùsí fún un. Lóṣù tó kọjá, ó pààrọ̀ àgádágodo. Ó ní, "Papa, ẹ lọ sinmi." Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì wà lápò mi.

Gba iṣẹ́ náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ kí ìyá rẹ ní sàréè. Àyè ti wà báyìí.

Rùfáì, bàbá rẹ