Máàkì Èmi àti Mukanbet Di Ẹgbẹ̀fà Ó Lé Méjì

Begimai ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìlà kejì. Bí aṣọ bá kún orí àga rẹ bí ó ti máa ń kún, jókòó lé aṣọ náà lórí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti oṣù Kẹfà; gbogbo ìgbà tí o bá pè mí lórí fóònù ni ó ń dé ètè mi, tí mo ń fi tíì gbígbóná tì í padà sí ọ̀fun. Ìyá rẹ ti lọ́kọ. Mo tún un kọ kí o má baà rò pé àṣìkọ ni: mo ti lọ́kọ, lèmọ́ọ̀mù ti so yìgì wa, Mukanbet ni, Mukanbet olóyin tó ń gbé òdìkejì odò, ẹni tó wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fún bàbá yín nígbà tí yìnyín dì tí ṣọ́bìrì ò wọlẹ̀. Mo ti di ìyàwó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, inú mi sì ń dùn bí ti ọmọ ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ sórí pápá.

Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí ọ, torí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé gírámà pé ìkíni ló ń ṣáájú nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti sáré kọjá ìkíni. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ara Taalay ẹ̀gbọ́n rẹ náà le, ṣé ó ṣì ń sùn sí ojú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé? Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Ibi tí ẹ bá dé, ilẹ̀kùn á ṣí kí ẹ tó kàn án. Iná ò ní kú nínú ààrò yín, àmín. Ilé dára. Màlúù wa bí abo, koríko ti wọ àká, àkùkọ Batma aládùúgbò wa sì ti kú, kò sẹ́ni tó sunkún rẹ̀ àfi Batma.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ torí ẹ̀rù yín ń bà mí. Mo ní ẹ lè sọ pé mo ti gbàgbé bàbá yín. N kò gbàgbé rẹ̀. Mo lọ sí ibojì rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú yìgì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dá tíì mu, ó sì ti sú mi. Ewúrẹ́ kan ké láti ẹ̀yìn òkúta, mo gbà á bẹ́ẹ̀ pé ó gbà. Ìyá ọkọ mi, ìyá Mukanbet, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ki yẹtí fàdákà kan bọ̀ mí létí bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọge. Ihò etí kejì ti dí, ó ní kí n má mira, ó ní òun ò lè torí ihò etí pàdánù ìyàwó, òun á fi yẹtí kejì sí i lọ́jọ́ àsè. Batma ní ìyàwó eléyín wúrà ti rí ọkọ olóyin, kí a ṣọ́ra kí oyin má jẹ eyín. Mo ní ìlara ò jẹ́ kó rí oorun sùn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí n bá òun wá tòun.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ìdí owó yíyá ló ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé àwa mẹ́wàá ni à ń ṣe shyrdak, ẹní onírun àgùntàn, tí a sì ń fi ọwọ́ tú irun àgùntàn títí èékánná wa fi ń jó. Ẹní kan ń gba odidi oṣù. Bàbá àgbà kan ní Karakol fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń tú irun, ohun tí à ń fi ọjọ́ mẹ́rin tú, wákàtí kan ni ẹ̀rọ yẹn fi ń tú u. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án sóòmù ló pè é, ó sì ní òun á dúró dè wá títí dé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ìyẹn òun á tà á fún ẹni tó fẹ́ tú u wẹ́wẹ́ fi ta irin. Àwọn obìnrin ní èmi ni mo mọ̀wé, kí n lọ yá owó wá. Mo wọ aṣọ tí mo fẹ́ fi ṣe ìyá ọkọ níbi ìgbéyàwó Taalay, kò tíì gbéyàwó, ṣùgbọ́n mo ti rán aṣọ náà sílẹ̀ dè é, mo sì lọ sí ilé ìyánilówó ní Kochkor.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kubat gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún mi ní tíì, ó ní Màmá, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn yín. Inú mi dùn. Ta ló tún ń bèèrè ìtàn lọ́wọ́ àgbà láyé ìsinsìnyí? Mo tún ìdíkù orí mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá mi, mo gòkè sórí bàbá rẹ̀, torí àṣà wa ni kéèyàn ka àwọn baba ńlá rẹ̀ méjèèje pé. Mo ti dé orí ẹnì kẹrin, ẹni tó fi ẹṣin arọ la òkè kọjá, nígbà tí Kubat ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn gbèsè ni mò ń sọ, kì í ṣe ìtàn ìran. Mo ní kò sí gbèsè nínú ìran wa. Ó ní ìyẹn gan-an ni òun fẹ́ wò. Ó ní gbogbo owó téèyàn bá yá, àti ọjọ́ tó san án, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé kan, ẹni tó bá sì ń san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ tó dá, máàkì rẹ̀ á ga, ilé ìyánilówó á fọkàn tán an. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò ó títí, ó ní Màmá, irínwó ó lé méjìlá lẹ ní.

Begimai, ìwọ náà rò ó. Ní gbogbo ọdún mẹ́wàá tí mo fi lọ sí ilé-ìwé, n kò gba ju márùn-ún lórí márùn-ún rí, èmi ni mo tún wá gba irínwó ó lé méjìlá láìjókòó ṣe ìdánwò! Mo dìde, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wò mí bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó ní kò tó, Màmá. Ó ní kí n wá onídùúró, ẹni tí máàkì tirẹ̀ ga, tó lè fọwọ́ sí i pé bí mi ò bá san, òun á san.

Mo délé, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo gba irínwó ó lé méjìlá, àmọ́ mo ń wá onídùúró. Kò sẹ́ni tó gbà. Batma ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọjọ́ kẹta ni Mukanbet mú ike oyin kan dání wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ọdún méjì wá tí mo ń rò pé oyin ló pọ̀ jù fún un. Ó ní òun ti yá owó ra ilé oyin lẹ́ẹ̀mejì rí, òun sì san án láìfi ọjọ́ kan falẹ̀, ẹgbẹ̀rin dín mẹ́wàá ni wọ́n fún òun. Ẹgbẹ̀rin dín mẹ́wàá! Ó ní òun á dúró fún mi. Mo ní kí ló dé tó fi lè fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ mi. Ó wo ilẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ kí orúkọ òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ìwé irú ìyẹn ni òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà.

Mo pa á pọ̀ lórí ìka. Irínwó ó lé méjìlá, ẹgbẹ̀rin dín mẹ́wàá, ó di ẹgbẹ̀fà ó lé méjì. Mo ní bí a bá fẹ́ra, máàkì wa á di ọ̀kan, a ó yá owó ẹ̀rọ, a ó tún yá owó ilé tí a ó gbé e sí. Ó ní bó ṣe rí nìyẹn? Mo ní bí mo ṣe gbọ́ ìṣirò nìyẹn. Ó ní kí n jẹ́ ká tètè ṣe é kí ìṣirò má baà yí padà. Má rò pé nítorí máàkì ni mo ṣe fẹ́ ẹ o. Oyin ọdún méjì ti ń bá mi jà nínú ọkàn, máàkì kàn wá ṣí ilẹ̀kùn ni.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Kubat nínú oṣù Keje, fọ́ọ̀mù ní kí n kọ orúkọ bàbá onídùúró. Orúkọ bàbá ọkọ mi kẹ̀! Ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pè é, n kò sì lè kọ ọ́ síbí pàápàá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kékeré-tó-ń-ké-mẹ̀ẹ́-lẹ́yìn-ìyá-rẹ̀. Kubat ní ṣé orúkọ nìyí? Mukanbet rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú, òun fúnra rẹ̀ ló gba bírò. Kubat wá sọ fún wa pé ìgbéyàwó kì í pa máàkì pọ̀, olúkúlùkù ló ń gbé tirẹ̀. Mo wo Mukanbet, Mukanbet wò mí. Ó ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, òun ti gbé mi níyàwó. Mo sì fi ìdíkù bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni Kubat ṣí ìwé náà, ó fi ohun tó fa máàkì mi sílẹ̀ hàn mí. Obìnrin kan wà ní Bishkek tó ń jẹ́ orúkọ mi, Sayragul, bàbá rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá mi, nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ wa sì dọ́gba. Ó dà bíi pé nọ́ńbà ti tán lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n wá ń fi ọ̀kan fún èèyàn méjì. Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni ó ra fóònù ńlá aláwọ̀ búlúù láwìn, ó san án fún oṣù méjì, kò sì san mọ́. Ẹgbẹ̀rún méje ó lé igba sóòmù ló kù, orí mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Oṣù yẹn gan-an ni mo wá sọ́dọ̀ rẹ, tí mo fi ìwé ìdánimọ̀ mi lé ọ lọ́wọ́ kí o fi bá mi forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù ojú, oṣù yẹn náà ni o kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. A lè ti bá obìnrin yẹn wọ ọkọ̀ kan náà, Begimai! Ó lè ti jókòó tì wá!

Kubat ní ọ̀nà méjì ló wà. Bí gbèsè náà kò bá jẹ́ tèmi, kí n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, ọlọ́pàá á wá ẹni náà jáde. Tàbí kí wọ́n san án kí oṣù Kẹjọ tó parí, ìwé á mọ́ díẹ̀, pẹ̀lú onídùúró bíi Mukanbet, wọ́n á lè yá wa lówó kí ẹ̀rọ tó bọ́. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé kéèyàn máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́dọọdún bí ẹní yẹ orí ọmọ wò fún iná. Mo ti mú bírò, ọlọ́pàá ni mo fẹ́, ni Mukanbet gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní oyin tó bá ta ni, a kì í tìtorí rẹ̀ jó gbogbo ilé oyin. Ó ní kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ. Ó ní Begimai ń gbé Bishkek, ó mọ àdúgbò, ó lè mọ obìnrin náà. Ìwé ẹ̀sùn wà lábẹ́ ike oyin lórí pẹpẹ, n kò tíì fọwọ́ sí i. Mukanbet ní òun lè ta oyin san án, ṣùgbọ́n ó sàn kí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án, torí ẹni tó bá san gbèsè fúnra rẹ̀ lè jẹun láwùjọ láìwolẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, mò ń bẹ̀ ọ́, wá a kàn. Má bá a jà. Sọ fún un pé obìnrin mẹ́wàá ló ń fi èékánná tú irun nítorí fóònù rẹ̀. Bí owó rẹ̀ kò bá pé, kí ìwọ àti Taalay bá a fi díẹ̀ kún un, èmi náà fi ẹgbẹ̀rún kan sóòmù, owó wàrà, sínú lẹ́tà yìí fún un. Kẹ́ ẹ sì bá mi fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ránṣẹ́, mo fẹ́ ra ìyẹ̀fun tí a ó fi dín àkàrà boorsok, nítorí a kò tíì se àsè ìyàwó.

Kí Ọlọ́hun fún ọ ní ohun tí wàá fi san ohun gbogbo tó o bá jẹ, kó fún ọ ní onídùúró tí yóò máa gbé oyin wá kó tó gbé ìwé wá. Kí ojú má tì ọ́ níwájú ẹni tó bí ọ. Ẹ̀rọ á dé láàárọ̀, a ó pa àgùntàn lọ́sàn-án, ìyá ọkọ mi á sì fi yẹtí kejì sí mi létí níṣojú yín. Ìwọ, Taalay, gbogbo yín pátá, ẹ gbọ́dọ̀ wá. Bí o bá ti rí Sayragul kejì yẹn, mú un dání, mo ti ka àwo tirẹ̀ mọ́ tiwa. Sátidé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ni àsè.