Ìrántí Ọkọ Mi, Tí Adéòjó Pa Iná Mọ́ Lójú

Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ lọ, Baba Mọ̀nsúrát. Ọdún mẹ́fà! Ẹ lọ, ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Èmi aya yín, mo ṣì wà láyé, mo ṣì ń jẹun, mo ṣì ń kọrin. Inú mi dùn lónìí ju bó ṣe yẹ kí inú opó dùn lọ, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Mọ̀nsúrát ọmọ wa ti di ìyá ìyàwó. Ilé Agbówà tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ti parí, a ti kùn ún, adìẹ ti ń yé sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti bá mi ṣe ojú mi méjèèjì, kùrukùru tó wà níbẹ̀ ti lọ. Mo ń rí eṣinṣin lórí ògiri. Waliyah, ọmọ-ọmọ tí ẹ máa ń pọ̀n sẹ́yìn bí obìnrin, ti di òṣìṣẹ́ ní Èkó. Àràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Waliyah yìí náà ló bá wa rí Ọkọ̀ Àná!

Ọkọ̀ Àná o! Eré orí tẹlifíṣàn tí gbogbo àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ ń wá wò ní pálọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nígbà tí Mọ̀nsúrát ṣì ń rá. Òyìnbó ló ṣe é, àwa la sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ irin tó rí bí agogo ńlá ni. Bó bá rì sísàlẹ̀ òkun, ìgbà mìíràn ló máa ń yọ sí. Ó lè yọ sí ayé àwọn baba ńlá, ó lè yọ sí ayé tí wọn ò tíì bí ẹnikẹ́ni. Alága la ń pe ọ̀gá ọkọ̀ náà, nítorí àga gíga tó ń jókòó sí. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ létí omi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rì, ó wá ń wá ìgbà tirẹ̀ kiri kó lè padà bá a. Ẹ fẹ́ràn ọkùnrin yẹn! Ẹ máa ń gbàdúrà fún un bí ẹni tó rìnrìn àjò láti ilé yín: "Yá Ọlọ́hun, mú un délé."

Ta wá ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó délé? Adéòjó ni! Adéòjó aládùúgbò wa, ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Mo dárúkọ rẹ̀, mo sì tún máa dárúkọ rẹ̀.

Jímọ̀ tí eré máa parí, iná ìjọba ò sí. Jẹnẹrétọ̀ Adéòjó ló ń fún wa ní iná, wáyà gba orí ògiri kọjá. Òun náà jókòó síwájú gbogbo wa, ó na ẹsẹ̀. Ó kọjú sí yín, ó ní, "Sàlísù, ẹ̀yin ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́, ṣé ẹ ò ní bẹ Alága kó gbé yín padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti lé yín?" Ẹ ní, "Kó kọ́kọ́ gbé wa lọ sígbà bàbá rẹ, ká rí ibi tí ewúrẹ́ wa wọlẹ̀ sí." Ilé hó fún ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣẹ̀fẹ̀ láàrin Ìjẹ̀bú àti Èkó láti ìgbà àwọn baba wa. Wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á sì jẹun nínú abọ́ kan. Ta ló ń bínú sí ẹ̀fẹ̀?

Adéòjó bínú! Ọkọ̀ ti yọ lójú omi. Ilẹ̀kùn irin ń ṣí. Ẹnì kan dúró létí omi, oòrùn wà lẹ́yìn onítọ̀hún, a ò rí ojú rẹ̀. Ẹ dìde dúró, ẹ di ọwọ́ mi mú. Àṣé Adéòjó ti yọ jáde. Fìrì! Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kí kálukú lọ tan àtùpà tirẹ̀!"

Òun náà ò rí ìparí rẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Wọn ò tún gbé eré náà jáde mọ́. Láti ìgbà náà, bí Jímọ̀ bá ti dé, ẹ ó máa hun ìparí tuntun fún mi. Lónìí, ìyàwó rẹ̀ ni. Jímọ̀ tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ tó ti darúgbó ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kì í ṣe ènìyàn rárá, igi ni.

Nígbà tí àìsàn dá yín gúnlẹ̀ nílé Mọ̀nsúrát ní Ìkòròdú, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric lọ́hùn-ún, ẹ ò bèèrè oúnjẹ. Ẹ ní, "Ìyá Mọ̀nsúrát, ta tiẹ̀ ló dúró létí omi yẹn?" Mi ò mọ̀. Ọkọ mi ń lọ, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mi ò mọ̀ ọ́n! Mo ti dárí ohun púpọ̀ ji Adéòjó. Mi ò dárí ìyẹn jì í.

Mo ròyìn eré náà fún Waliyah títí, òun náà wá a títí lórí fóònù, ló bá rí i. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn ńlá. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Àṣé ẹranko onírin tó lé mi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà náà, agolo ni wọ́n so pọ̀! Sánmọ̀ wọn, aṣọ ni, wọn ò tiẹ̀ lọ̀ ọ́. Mo rí okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ sókè. Síbẹ̀, nígbà tí Alága mú àwòrán ìyàwó rẹ̀ dání lórí àga gíga yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Agolo ni ẹranko wọn, àárò wọn kì í ṣe agolo. Mo wò ó dópin. Mo ti rí ẹni tó dúró létí omi!

Wọn kì í lé ènìyàn níbi sàárà. Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lé Adéòjó nígbà tó tẹ ọ̀pá wọlé síbi àdúà yín ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún yìí. Mo bu ìrẹsì fún un, mo fi ẹja lé ẹja. Àwọn àáfà lọ tán, mo ní kí Waliyah tan apá tó gbẹ̀yìn. Mo fi Adéòjó síwájú, níbi tó jókòó sí nígbà náà gan-an. Ọkọ̀ yọ lójú omi. Ilẹ̀kùn irin ń ṣí. Adéòjó na ọrùn bí ahun. Mo dìde wọ́ọ́rọ́, mo fa wáyà yọ lára ògiri. Fìrì!

Ó ní, "Ìyá Mọ̀nsúrát! Ẹ jọ̀ọ́! Ta ni? Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Kí kálukú lọ tan àtùpà tirẹ̀."

Mùlíkátù aládùúgbò wa ṣubú lulẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Mo bú sórin, wọ́n gbè é:

Ẹni paná, ó wà lókùnkùn,
Ẹni paná o, ó wà lókùnkùn,
Ẹ jẹ́ ó máa táràrà,
Ẹni paná, ó wà lókùnkùn!

Nígbà tó lọ tán, mo ki wáyà bọ ògiri padà. Àwọn yòókù wò ó parí, wọ́n sì búra fún mi pé kò ní ti ẹnu wọn jáde. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àfi Adéòjó! Orúkọ tí àwa sọ eré náà nìkan ló mọ̀, kò mọ ti òyìnbó, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù. Ó fi ẹja ránṣẹ́. Mo jẹ ẹja. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní ojú òun ti ń ṣú, kí n ṣàánú òun nítorí Ọlọ́hun. Àáfà ní, "Ìyá, ẹ dárí jì í, eré lásán ni." Eré lásán! Ohun tí ọkọ mi bèèrè kó tó kú, eré lásán!

Ẹ̀yin ti mọ̀ ní tiyín. Mo lọ sídìí sàréè yín, mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ẹnu sún mọ́ erùpẹ̀, mo sọ ọ́ fún yín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí Adéòjó máa ní kí wọ́n ka ìwé yìí fún òun. Adéòjó, ẹ kú etígbọ̀ọ́ o!

Àárò yín ń sọ mí, olówó orí mi. Ìfẹ́ yín ò tíì ṣá lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣá. Ẹ má kánjú pè mí, ẹ̀san yìí ṣì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Adéòjó dàgbà jù mí lọ. Bó bá ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín, tó bi yín, ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un ní ìjókòó, ẹ má sọ fún un o!