Bàbá mi, Ẹ Má Bínú Pé Mi Ò Fọwọ́ Sí I

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Clinton, l'Amẹ́ríkà níbí, níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ tó kú tipiri ha yìnyín kúrò lójú mọ́tò láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Mo gbọ́ pé ọ̀gá mi pè yín, wọ́n ní mo ti ń gbéraga, kí ẹ bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló fu mí lára jù. Kí ló kan bàbá tó wà n'Íbàdàn nínú ìwé iléeṣẹ́ Maryland? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Iléeṣẹ́ wa ló ń sanwó ìwòsàn àwa òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa kún un. Kọ́ńpìnnì kan ló ń bá wa dúnàá-dúrà pẹ̀lú àwọn ọsibítù. Òfin ibí sọ pé kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun nínú àdéhùn wa pẹ̀lú kọ́ńpìnnì náà tó máa dí wa lọ́wọ́ láti mọ iye tí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan jẹ́. Lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún ìjọba pé irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí. Èmi tí mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá ní kí n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àdéhùn náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé àwọn tí àwọn gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo wá ń pè ní òpùrọ́? Mo pe kọ́ńpìnnì yẹn, mo bèèrè iye tí ọsibítù ń gbà fún irú àyẹ̀wò tí Sísítà Bọ́lá, akọ̀wé wa, ṣe, tó sì wá kó o sí gbèsè. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù fi ohùn dídùn sọ fún mi pé àṣírí ni. Àṣírí kẹ̀! Fún àwa tí à ń sanwó?

Ẹ ní kí n gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Mo gbọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ìfura loògùn àgbà. Ẹ̀rù ń bà mí o. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, mi ò mọ ẹni tí mo máa sá tọ̀ nílùú onílùú, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ti ń wò mí lákọlákọ.

Lánàá, mo kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó ti dá wọn lójú pé kò sí ìdíwọ́ kankan, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi orúkọ tiwọn síbẹ̀. Wọ́n fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ bi lọ́yà.

Bí wọ́n bá tún pè yín, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ bi lọ́yà nípa ìwé tí wọ́n ní kí n ṣáà fọwọ́ sí.

Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ara Màámi á le. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Fẹ́mi àti gbogbo ará ilé.

Èmi ọmọ yín tí kò gbéraga,
Abíọ́dún