Ó Ku Màlúù Kan

Kiyoto ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìjìnnà sílé. Àwọn kòkòrò orí igi ti ń pariwo láti ìdájí, ìyẹn ni pé ọdún Obon, tí àwọn òkú wa ń wálé, ti dé etílé. Kí ọkọ̀ ojú irin Tokyo máa gbé ọ lọ, kó máa gbé ọ bọ̀ ní àlàáfíà, kí o sì máa rí ìrẹsì gbígbóná jẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ọ̀bọ ti jẹ àgbàdo ẹ̀yìnkùlé tán, wọn ò tilẹ̀ dá èyí tí kò tíì gbó sí. Mo gbé fóònù sí iwájú àwòrán bàbá rẹ lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìrẹsì tí mò ń gbé fún un, kó lè máa gbọ́ nígbà tí o bá pè. Bí ó bá pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn, mò ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ nígbà tí o pè kẹ́yìn kò kúrò lọ́kàn mi. O ní, Màmá, kí ni mo fẹ́ wá ṣe nílé ní Obon nígbà tí Bàbá ò sí, ta ni mo fẹ́ bá ta ayò káàdì? Lọ́jọ́ náà, mo kàn ní kí o jẹun. Ṣùgbọ́n Obon yìí ni àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ. Fìtílà funfun la ó gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà kó lè mọ ilé. Ṣé kó wá dé kó má bá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀? Mo wo àwòrán rẹ̀, mo ní, Bàbá Kiyoto, ẹ má dààmú, mà á kọ́ ayò náà, kí ọmọ lè rí ẹni bá ta.

Ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ní ìsàlẹ̀ odò, ẹni tó ń ta pẹ́ńsù àti ìwé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Káàdì ló kù tó ń tà báyìí, àwọn géńdé ọkùnrin ló sì kún ibẹ̀, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wà níwájú ẹbọ. Mo ní kó fún mi ní ìdì káàdì kan, èyí tó bá ti dára. Ó ní, Ìyá Kiyoto, ìdì káàdì kì í ṣe ẹrù tí a kàn ń dì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Mo ní mo fẹ́ kó mú èèyàn wálé. Ó fún mi ní páálí kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ pa, ó ní kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn mọ ojú wọn.

Abẹ́ igi páìnì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti tú u. Háà, ọmọ mi, àwòrán iwin ló kún ara àwọn káàdì inú rẹ̀, olójú pupa, eléyín gígùn. Ìwọ náà mọ̀ pé bí èèyàn bá fa ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ní ojúbọ tó sì jẹ́ burúkú, a kì í gbé e wálé, ara igi là ń so ó mọ́ kó dúró síbẹ̀. Mo fa òwú yọ nínú àpò mi, mo so gbogbo wọn mọ́ ẹ̀ka, mo pàtẹ́wọ́ bí a ti ń ṣe é, mo sì kọrí sí ibùdókọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi sáré jáde láìwọ bàtà. Ó ní, Ìyá Kiyoto, kí lẹ ṣe sí mi yìí, ẹ sá ọba iwin sórí igi bí aṣọ tí ẹ fọ̀! Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tẹ̀lé e, Nagumo ni wọ́n ń pè é, panápaná ni. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára igi náà, bíi ti ológbò tó rí ẹja. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá káàdì ọba iwin náà, nítorí kò wọ́pọ̀. Mo ní kó máa mú un lọ, kò ní àǹfààní. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ní rárá o, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ gbà dípò rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo rántí ìwọ àti bàbá rẹ lórí pèpéle lọ́dọọdún, tí ẹ ń fi igi pẹlẹbẹ ṣe ẹsẹ̀ fún kùkúḿbà kó di ẹṣin, tí ẹ ń ṣe é fún ìgbá kó di màlúù. Ẹṣin ni àwọn tó ti lọ máa gùn wálé kí wọ́n lè tètè dé, màlúù ni wọ́n máa gùn padà kí wọ́n má baà tètè lọ. Mo sọ fún Nagumo pé kó kó ẹṣin àti màlúù fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, Ìyá, ṣé ọjà kára lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wá, gbogbo èyí tó ní ló kó wá.

Kiyoto, mi ò mọ̀ pé ohun tí ẹ ń wò láyé ọjọ́sí dára tó báyìí. Ẹṣin kan wà tó dúró nínú odò, ẹni tó yà á kò gbàgbé ẹrẹ̀ tó wà ní pátákò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn náà wú mi lórí. Ọwọ́ tí Nagumo fi ń gbé rọ́bà omi panápaná, òun náà ló fi ń mú káàdì bí ẹni mú ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Bó bá fẹ́ yọ ọ̀kan kúrò nínú ìdì rẹ̀, á kọ́kọ́ ní kó má bínú. Wọ́n kọ́ mi pé ogójì ni ìdì máa ń jẹ́, àti pé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ni yíyọ ohun tó dára kúrò nítorí ohun tó yẹ. Mo yọ ẹṣin funfun kan tó ní ìyẹ́ apá, òun ló sì lẹ́wà jù, nítorí bàbá rẹ ń bẹ̀rù òkè. Ta ni kò mọ̀ pé èmi ni mo máa ń di àkàbà mú fún un bó bá fẹ́ kó yìnyín kúrò lórí òrùlé?

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ní ẹṣin lè jà ní kété tó bá balẹ̀ sórí tábìlì, màlúù ní tirẹ̀ a máa dúró ṣọ́ ilé. Ó ní àwọn tó mọ ayò kì í pa méjèèjì pọ̀, ìyára kan á ba ti èkejì jẹ́. Mo ní nílé tiwa, orí pẹpẹ kan náà ni méjèèjì ń dúró sí. Ó họ orí.

Mo bá Nagumo ta á. Mo gbé ẹṣin kalẹ̀, ó ní, Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọlù mí o, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ẹṣin tó gbé èèyàn wálé kì í jà kí ẹni náà tó sọ̀kalẹ̀ mu tíì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Nagumo náà rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí ojú mi, ló bá tẹrí ba fún ẹṣin náà, ó ní ẹ kú àbọ̀ sà. Lẹ́yìn náà ó fi ọba iwin fọ́ mi túútúú. Ṣùgbọ́n àwọn màlúù mi dúró, wọ́n dúró títí ó fi ní, Ìyá, màlúù yín ò fẹ́ kí n lọ sílé, ìyàwó mi sì ti se oúnjẹ.

Ìdì mi kò tíì pé. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi sì ti fi oríṣiríṣi lọ̀ mí, mo kọ̀. Àyè màlúù oníwo kan ni, èyí tí ìwo kejì rẹ̀ kán, tí bàbá rẹ máa ń gbé jáde nígbà gbogbo tó sì máa ń torí ẹ̀ pàdánù, tó fi sí ọ lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí o ń lọ sí Tokyo. O sọ fún mi pé o ti ta gbogbo káàdì rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o padà lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí o fa páàsì ọkọ̀ rẹ yọ ní ẹnu géètì ibùdókọ̀, mo rí káàdì oníwo kíkán náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rèé, ọmọ mi. Ẹṣin ti pé, bàbá rẹ á dé. Ṣùgbọ́n àwọn màlúù tó wà níbí, ọ̀dọ̀ Nagumo ni wọ́n ti wá, kò mọ̀ wọ́n rí, o sì mọ̀ pé kì í gun ohun olóhun. Bí kò bá rí tirẹ̀ gùn padà, á jókòó tì mí. Èmi ò ní lé e, ṣùgbọ́n wọ́n á máa retí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo béèrè ní ilé ìfìwéránṣẹ́ bóyá o lè fi màlúù náà ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn kì í gba ẹran ọ̀sìn, mi ò sì fẹ́ kí o parọ́ fún ìjọba. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò fà á wá.

Bí owó ọkọ̀ bá sì ṣẹ́ kù díẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ bá mi ra àpò ọ̀rá tí wọ́n ń fi wọ káàdì láṣọ, èyí tí kò ní àwòrán. Èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ń tà, ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ìwẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò lè gbé ìyẹn síwájú bàbá rẹ.

Kí ọ̀nà rẹ tẹ́jú. Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Kí o gun ẹṣin wálé, kó sì jẹ́ màlúù ni o máa gùn padà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fusae