Ọmọbìnrin Tó Wá Wádìí Mashood

Mashood ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Bí o bá bèèrè wa, a wà, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti rọlẹ̀, wọ́n ti tún ń lọ sóko, wọ́n sì ti tún bá ẹni tí oko wọn jọ pààlà jà, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara wọn ti yá. Irin tí ò ń wà kò ní dalẹ̀ rẹ. Àmín.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Lọ́jọ́rùú tó kọjá, mo jókòó, mò ń bẹ ẹ̀gẹ́, ni ọmọbìnrin kan gun ọ̀kadà wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní Tẹniọlá lòun ń jẹ́, pé nítorí rẹ lòun ṣe wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, pé òun fẹ́ mọ irú ilé tí o ti jáde wá àti irú èèyàn tí o jẹ́. Orí mi wú! Mo ní Mashood ti rí ìyàwó, wọ́n ti rán ẹni wá wádìí wa, kò sì sọ fún èmi tó bí i. Mo gbé àga tó dára fún un, mo fún un lómi tútù. Ó yọ fóònù kan tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ó fi ya àwòrán ilé wa. Mo ní kó dúró kí n wọ aṣọ tí mo fi ṣọdún Iléyá, kó tún un yà, torí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ rí ìyá rẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó ní ṣé o máa ń jà, mo ní rárá. Ó ní ṣé o máa ń mutí, mo ní nínú ilé bàbá rẹ yìí kẹ̀? Ó ní ṣé o ti dé kóòtù rí. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í purọ́ fún àna, ohun tí a bá fi pamọ́ fún wọn, ọjọ́ ìjà ni wọ́n máa fi bú ọmọ ẹni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé ibẹ̀. Mo sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀: bí Waliyat, ìyàwó Adéṣínà aládùúgbò wa, ṣe ń rọbí, tí o gbé e sínú ọkọ̀, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ dá yín dúró ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí o sì gba ojú ọ̀nà tí àwọn tó ń bọ̀ ń gbà. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣe lé ọ dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, tí ọmọ ti ké nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó bá ọ. Adájọ́ ní òfin ni òfin, o jẹ̀bi, o sanwó ìtanràn. Mo ní orúkọ ọmọ mi wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba títí dòní. Èmi tí mo ti ń dìbò láti ìgbà èwe mi, mi ò mọ̀ bóyá tèmi wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá là mí lóye pé kì í ṣe ilé ìyàwó kankan ló rán òun, pé ilé-iṣẹ́ tí o fẹ́ máa wakọ̀ fún ní Èkó ni, àti pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbà ni wọ́n ń wádìí. Ó ní nígbà tí wọ́n bi ọ́ bóyá o ti jẹ̀bi ẹ̀sùn ìwakọ̀ rí, o ní rárá. Ó ní ẹ̀sùn yẹn fúnra rẹ̀ lè má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n rárá tí o sọ yẹn lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀gá àwọn máa pè ọ́ kí o wá ṣàlàyé.

Mo rò pé mo ti fi ẹnu ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Mo sọ fún un pé ọmọ mi kì í ṣe òpùrọ́, pé èmi ni mo kọ́ ọ pé ẹni tó ṣoore kì í fi í yangàn, ìyẹn lo fi ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní ẹ̀rù ló bà ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù náà ni, Mashood, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta tó máa bá ọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá náà ránṣẹ́ kó tó di Sátidé: èmi, Waliyat àti Mubaraq ọmọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abíọ́nà. Ó ti wọ praimárì báyìí, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń bì nínú ọkọ̀, torí náà fowó ọsàn àti náílọ́ọ̀nù kún un. Má fi í gba orí fóònù o, ìdérí ẹ̀yìn fóònù mi ti sọnù, owó lè jábọ́ lọ́nà. Fún Shamsudeen awakọ̀ tó ń ná Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo bi Tẹniọlá kó tó lọ bóyá ó ti lọ́kọ. Ó ní kò tíì sí. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni.

Ọlọ́run yóò fi ojúure ọ̀gá náà pàdé rẹ, oore tí o ṣe lójú pópó yóò ṣíwájú rẹ wọlé. Bó bá tún bi ọ́ bóyá o ti rú òfin ọ̀nà rí, ní bẹ́ẹ̀ ni, kí o sì na ọwọ́ sí Abíọ́nà. A ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù iléèwé rẹ̀ fún un.

Èmi ni Mùjídàt, ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Ìkòyí-Ilé.