Gíláàsì Yàrá Ẹ̀rọ

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ilé ìwé o. Ara mi le koko. Ẹ̀rọ tí ìjọba wa ní ká wá kọ́ níbí, ká lè fi bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tuntun nílé, ó mà dára o! Orílẹ̀-èdè yìí àti orílẹ̀-èdè alágbára ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló kàn ń jà díẹ̀. Ìjọba wa wá ń bá èkejì ṣọ̀rẹ́, ni àwọn tó ń kọ́ wa níbí bá ní ká má wọ yàrá ẹ̀rọ mọ́.

Ẹ má fòyà, wọ́n ti fún mi níṣẹ́: gíláàsì yàrá náà ni mò ń nù láti ìta. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́ mi láti máa fi ìwé ìròyìn nu gíláàsì. Ìròyìn ìjà wọn gan-an ni mo fi ń nù ún, ó sì ń mọ́ gaara.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ẹ sọ fún wọn pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹ̀rọ náà.

Èmi ni,
Tíṣà ẹ̀rọ yín.